Ọ̀kan Nínú Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ohun Tí Ìdáhùn Rẹ̀ Jẹ́ Bẹ́ẹ̀ Ni Tàbí Bẹ́ẹ̀ Kọ́

Ní Abẹ́òkúta, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá lóde òní, púpọ̀ nínú àwọn ilé ìjọsìn kì í so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ láìkọ́kọ́ béèrè ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ wọn. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé AS ni àwọn méjèèjì, gbólóhùn tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan yóò jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní sickle cell. Gbólóhùn yìí ló mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá kan tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ SS, tí ó sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú pé, "Olùkọ́, èyí tí wọ́n ní a ó rí, a ti rí i, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́." Ó dùn mí láti sọ fún un pé wọn kò tíì bọ́, àti pé ibi tí oyún àkọ́bí rẹ̀ dúró sí ní ọjọ́ tí ó lóyún rẹ̀ ni oyún tuntun yìí náà dúró sí. Nọ́ńbà tí wọ́n sọ fún un kò ní àṣìṣe. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni ó ṣì í lọ́nà.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, n kì í ṣe oníṣègùn, ọ̀nà ìṣirò nìkan ni mo sì fẹ́ fi han òǹkàwé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí dáadáa yóò lè fi wo ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, ọ̀rọ̀ ẹyin tí adìyẹ ń sàba lé, ọ̀rọ̀ àdìrẹ tí a rà ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, àti ohunkóhun mìíràn tí a lè fi ìbéèrè kan ṣoṣo wádìí, tí ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ.

Ẹ wá ẹ̀wà mẹ́rin àti àpò kan

Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ mú ẹ̀wà pupa kan àti ẹ̀wà funfun mẹ́ta tí ìtóbi wọn dọ́gba, kí ẹ kó wọn sínú àpò kékeré tí ojú kò lè rí inú rẹ̀. Ẹ di ojú, ẹ mi àpò náà, ẹ mú ẹ̀wà kan jáde, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó mú òmíràn, ẹ dá èyí tí ẹ mú padà sínú àpò, kí ẹ sì tún un mì. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó dúró fún ìdílé kan tó bí ọmọ mẹ́rin, ẹ̀wà pupa sì dúró fún ọmọ tó jẹ́ SS. Ẹ ṣe é fún ìdílé 50, kí ẹ kọ iye pupa tí ìdílé kọ̀ọ̀kan rí. Kò ní gbà yín ju bí ìdajì wákàtí lọ, ohun tí ẹ óò sì rí yóò ràn yín lọ́wọ́ ju àlàyé mi lọ: àwọn ìdílé kan kò ní rí pupa rárá, àwọn kan yóò rí ẹyọ kan, àwọn kan yóò rí méjì, ẹ sì lè bá ìdílé tó rí mẹ́ta pàdé.

Dídá ẹ̀wà padà sínú àpò ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹ̀wà tí a bá ti mú jáde ti jáde nìyẹn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá tọ́, nítorí pé ẹni tó bá mú ẹ̀wà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde láìdá ọ̀kankan padà kò lè rí ju pupa kan lọ, kò sì lè rí kéré sí i. Ṣùgbọ́n oyún kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá tó jẹ́ AS ní A kan àti S kan. Ìyá náà ní A kan àti S kan. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí oyún bá dúró, ọmọ yóò gba ọ̀kan nínú méjì ti bàbá àti ọ̀kan nínú méjì ti ìyá, síbẹ̀ ohun tí bàbá àti ìyá ní kò dín kù. Àpò méjèèjì ti tún kún padà kí ọmọ tó tẹ̀ lé e tó dé. Ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba ni ọmọ lè gbà yọ: A àti A, A àti S, S àti A, S àti S. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni SS, ibẹ̀ sì ni ìdá kan nínú mẹ́rin ti wá. Ìṣirò kan náà ni ti ẹni tó jẹ́ AS tí ó fẹ́ ẹni tó jẹ́ AC (C jẹ́ irú mìíràn tó yàtọ̀ sí A àti S): ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìṣeéṣe kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SC, ìyẹn náà sì jẹ́ àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ohun tó gbọ́dọ̀ dúró kí a tó ṣírò

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a pinnu ohun tí a ó pè ní bẹ́ẹ̀ ni, kí a má sì yí i padà lágbedeméjì. Bẹ́ẹ̀ ni nínú ìṣirò yìí kì í ṣe orúkọ oríire. Ohun tí a ń kà ni. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tó bàjẹ́ ni a ń kà, aṣọ tó bàjẹ́ ni bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìsọdipúpọ̀ dáadáa tó sì kùnà nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó bàjẹ́, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dára.

Lẹ́yìn èyí, a nílò nọ́ńbà kan tó wà láàárín 0 àti 1, tí yóò sọ ìṣeéṣe bẹ́ẹ̀ ni fún wa ní ìdánwò kan ṣoṣo. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n, a ti mọ ìṣeéṣe bẹ́ẹ̀ kọ́ náà, nítorí pé méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 bí a bá rò wọ́n pọ̀. Fún oyún àwọn òbí AS méjì, bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ 0.25, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì jẹ́ 0.75. A tún gbọ́dọ̀ mọ iye ìdánwò tí a fẹ́ ṣe kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é lọ títí ohun tó fẹ́ yóò fi jáde kò sí nínú irú ìṣirò yìí mọ́.

Ohun méjì tó ṣẹ́kù ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò, àwọn gan-an ni ó sì le jù. Ìṣeéṣe náà kò gbọ́dọ̀ yí padà láti ìdánwò kan dé èkejì, èsì ìdánwò kan kò sì gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ nínú èsì òmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbejì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ilẹ̀ ìbejì ni ilẹ̀ wa. Ìbejì tó wá láti inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ ìdánwò méjì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ méjì tí a bí ní ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo tó pín sí méjì kì í ní jẹ́nótáìpù tó yàtọ̀ síra: bí Táíwò bá jẹ́ SS, Kẹ́hìndé náà ni. Ìdánwò kan ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ méjì, ẹni tó bá kà wọ́n sí méjì nínú ìṣirò yìí ti ṣì í.

Kíka ọ̀nà

Nísinsìnyí, bí a bá ṣe ìdánwò ju ẹyọ kan lọ, ọ̀nà mélòó ni bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lè gbà tò? Kò sí ìdí tí a fi ní láti lọ sí ọ̀nà jíjìn wá àpẹẹrẹ. Obì olójú mẹ́rin ní awẹ́ mẹ́rin, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè ṣíjú sókè tàbí kí ó dojúdé nígbà tí a bá dà á. Ohun tí obì ń sọ fún ẹni tó dà á kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi níbí; kíka ojú rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ yá lò. Awẹ́ àkọ́kọ́ ní ọ̀nà méjì, ìkejì sọ ọ́ di mẹ́rin, ìkẹta sọ ọ́ di mẹ́jọ, ìkẹrin sọ ọ́ di 16. Nínú ọ̀nà 16 yìí, ẹyọ kan ni gbogbo awẹ́ ti dojúdé, mẹ́rin ni ẹyọ awẹ́ kan ti ṣíjú, mẹ́fà ni méjì ti ṣíjú tí méjì sì dojúdé, mẹ́rin ni mẹ́ta ti ṣíjú, ẹyọ kan sì ni gbogbo wọn ti ṣíjú. Bí awẹ́ kọ̀ọ̀kan bá lè ṣí tàbí kí ó dé ní ìdọ́gba, a jẹ́ pé ìṣeéṣe kí méjì ṣí kí méjì sì dé jẹ́ 6 nínú 16, ó sì ju ti èyíkéyìí lọ. Kì í ṣe pé ohunkóhun ń fa obì lọ síbẹ̀. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni ó pọ̀ jù.

Òye kan wà nínú ìṣe àwọn baba wa tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá ní awẹ́ èso mẹ́jọ, mẹ́rin ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, mẹ́rin ní ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè jáde ní ọ̀nà 16, ẹsẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ 16 ní ọ̀nà 16, èyí tó fún wa ní odù 256. Babaláwo kì í ka iye awẹ́ tó ṣí lápapọ̀ kí ó sì dúró níbẹ̀. Ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wà ni ó ń wò, nítorí náà ni odù kọ̀ọ̀kan fi ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rìndínlógún, níbi tí a ti ń da owó ẹyọ 16, iye ẹyọ tó ṣíjú ni a ń kà. Ọ̀nà tí owó ẹyọ 16 lè gbà balẹ̀ tó 65,536, síbẹ̀ iye tó lè ṣíjú kò ju 17 lọ, láti orí òdo títí dé 16. Bí a bá gbà pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí dé ní ìdọ́gba, ọ̀nà 12,870 nínú wọn ni ẹyọ mẹ́jọ fi ń ṣíjú, nígbà tí ọ̀nà kan ṣoṣo wà fún kí gbogbo 16 ṣíjú. Bí a bá kó gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí jọ sábẹ́ iye bẹ́ẹ̀ ni tó wà nínú wọn, tí a sì kọ ìṣeéṣe iye kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀, ohun tí a kọ yẹn ni mo ń pè ní àtẹ ìpín ìṣeéṣe. Kíka bíi ti Ifá ni ìpìlẹ̀, kíka bíi ti ẹ̀ẹ̀rìndínlógún ni àtẹ náà.

Kò pọn dandan kí ẹ to àwọn ọ̀nà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ 1 àti 1 sílẹ̀. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, ẹ fi 1 sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, kí ẹ sì fi àròpọ̀ nọ́ńbà méjì tó fara kanra lókè sí àárín wọn:

1 1
1 2 1
1 3 3 1
1 4 6 4 1

Ìlà kẹrin ni ti obì wa. Orúkọ Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń pe onígun mẹ́ta yìí nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ará Páṣíà àti Ṣáínà ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí i.

Ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rin

Obì rọrùn nítorí pé a gbà pé ṣíṣí àti dídé dọ́gba. Ọmọ àwọn òbí AS kò rí bẹ́ẹ̀: bẹ́ẹ̀ kọ́ wúwo ju bẹ́ẹ̀ ni lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é ni kí a sọ ìṣeéṣe gbogbo ìdánwò inú ètò kan di púpọ̀, kí a sì wá sọ èsì náà di púpọ̀ pẹ̀lú iye ètò tó jọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ètò tí àkọ́bí ti jẹ́ SS tí àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kò sì jẹ́ ẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin fún àkọ́bí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ìkọ̀ọ̀kan àwọn tó kù: èsì rẹ̀ ni 27 nínú 256. Ṣùgbọ́n ọmọ SS náà lè jẹ́ ìkejì, ó lè jẹ́ ìkẹta, ó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn. Ètò mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onígun mẹ́ta wa ti wí, nítorí náà 4 ní ọ̀nà 27 jẹ́ 108 nínú 256.

Bí a bá ṣe ìyókù bákan náà, àtẹ náà yóò rí báyìí: kí ọmọ kankan má jẹ́ SS, 81 nínú 256, kí ẹyọ kan jẹ́ ẹ, 108, kí méjì jẹ́ ẹ, 54, kí mẹ́ta jẹ́ ẹ, 12, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ẹ, 1. Ẹ rò wọ́n pọ̀, wọn yóò pé 256. Bí wọn kò bá pé, àṣìṣe ti wọlé síbì kan, ẹ má sì ṣe tẹ̀ síwájú títí ẹ óò fi rí i.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé ti ṣàkíyèsí pé 256 yìí ni iye odù Ifá. Kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọmọ mẹ́rin sì jẹ́ mẹ́jọ, iye awẹ́ tó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe bàbá, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì ṣe ìyá, kí ipele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti orí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí awẹ́ tó ṣí jẹ́ A, kí èyí tó dé jẹ́ S. Ipele tí awẹ́ méjèèjì bá ti dé ni ọmọ tó jẹ́ SS. Nínú odù 256, àwọn 81 ni kò ní irú ipele bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn 108 ní ẹyọ kan, àwọn 54 ní méjì, àwọn 12 ní mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ipele rẹ̀ dé pátápátá, ìyẹn Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Mo tún sọ ọ́ pé àwòrán kíkà ni mo yá. N kò sọ pé odù kan ń sọ̀rọ̀ àìsàn kan.

Kí ni àtẹ yìí wá ń sọ fún tọkọtaya? Ó ń sọ pé bí wọ́n bá bí mẹ́rin, ìṣeéṣe pé kò ní sí ọmọ SS kankan láàárín wọn kò tó ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ìṣeéṣe kí ó kéré tán ẹyọ kan wà lé ní ìdá 68. Ẹ wo bí a ṣe rí èyí tó kẹ́yìn: a kò ro 108, 54, 12 àti 1 pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè ṣe bẹ́ẹ̀, 81 ni a yọ kúrò nínú 256, ó ku 175. Nígbàkigbà tí ìbéèrè bá ní "ó kéré tán ẹyọ kan" nínú, ẹ ṣírò "kò sí ọ̀kankan", kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú 1.

Ó tún ń sọ ohun kan tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Bí a bá fẹ́ mọ ìpíndọ́gba, a ó sọ iye ìdánwò di púpọ̀ pẹ̀lú ìṣeéṣe: 4 ní ọ̀nà 0.25 jẹ́ 1. Nítorí náà, bí a bá wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé bẹ́ẹ̀, ọmọ SS kan ni yóò kan ìdílé kọ̀ọ̀kan bí a bá pín wọn dọ́gba. Òótọ́ ni gbólóhùn "ọ̀kan nínú mẹ́rin" jẹ́ ní orí ìpíndọ́gba yìí. Ṣùgbọ́n ìdílé tó ní ẹyọ kan gan-an kò ju 108 nínú 256 lọ, èyí tí kò tó ìdajì. Àwọn tó pọ̀ jù kò ní bá ìpíndọ́gba dọ́gba: wọn kò ní rí ọ̀kankan, tàbí kí wọ́n rí ju ẹyọ kan lọ. Ìdílé tó ní ọmọ SS mẹ́ta nínú mẹ́rin wà nínú àtẹ náà pẹ̀lú 12 nínú 256, ìyẹn bí ìdílé kan nínú 21. Mo kọ èyí fún gbogbo ẹbí ọkọ tó ti tọ́ka sí ìyàwó pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà, nítorí pé kò sí ohun tí ìyá ṣe tí bàbá kò ṣe, àtẹ náà sì ti gba irú ìdílé bẹ́ẹ̀ láyè kí ẹnikẹ́ni tó bímọ.

Ìyá tó bá ti bí SS méjì tí ó sì ń béèrè nípa ìkẹta kò tún gbọ́dọ̀ wo àtẹ ọlọ́mọ mẹ́rin yìí mọ́. Àtẹ wà fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, kò lé, kò dín, gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí kò tíì bímọ rí.

Àdìrẹ ogún

Ẹ jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀ lọ sí Ìtòkú. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé aláró kan sọ fún aláròóbọ̀ tó fẹ́ kó ọjà lọ sí Èkó pé nínú àdìrẹ mẹ́wàá, ẹyọ kan ni aró kì í mú dáadáa. Àpẹẹrẹ ni nọ́ńbà yìí. Aláròóbọ̀ náà ra 20. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 2. Bí ó bá dé Èkó tí ó sì rí 4 tó bàjẹ́, ṣé aláró náà purọ́ fún un ni?

Kò yẹ kí ó yára bínú. Fún kí ọ̀kankan má bàjẹ́, a ó sọ 0.9 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ní ogún ìgbà, ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yóò sì fún wa ní nǹkan bí 0.12. Fún ẹyọ kan, ó jẹ́ 0.27, fún méjì, 0.285, fún mẹ́ta, 0.19, fún mẹ́rin, 0.09. (Ẹ kò nílò onígun mẹ́ta oníìlà ogún láti mọ iye ètò: fún aṣọ méjì nínú ogún, ẹ sọ 20 di púpọ̀ pẹ̀lú 19, kí ẹ pín in sí 2, ó jẹ́ 190; fún mẹ́ta, ẹ sọ 20, 19 àti 18 di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 6.) Àròpọ̀ gbogbo ìwọ̀nyí sún mọ́ 0.96. Aṣọ mẹ́rin tó bàjẹ́ ṣì wà lára ohun tí ọ̀rọ̀ aláró náà gbà láyè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó bàjẹ́, ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2 nínú 1,000, nígbà náà ni ó tó lọ béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kúkúrú kan wà tí a fi ń mọ bí èsì ṣe lè jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Ẹ sọ iye ìdánwò, ìṣeéṣe bẹ́ẹ̀ ni àti ìṣeéṣe bẹ́ẹ̀ kọ́ di púpọ̀: 20 ní ọ̀nà 0.1 ní ọ̀nà 0.9 jẹ́ 1.8. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ yóò fún wa ní 1.8, ó jẹ́ nǹkan bí 1.34. Ìwọ̀n ìfọ́nká nìyẹn. Èsì tó bá fi ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n yìí lọ jìnnà sí ìpíndọ́gba kò wọ́pọ̀.

Síbẹ̀, kí aláròóbọ̀ tó lọ béèrè ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó rántí ìkòkò aró. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró mọ̀ pé aṣọ kì í bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀wà inú àpò. Bí ẹ̀lú àti omi eérú kò bá bára mu nínú ìkòkò kan, gbogbo aṣọ tí a bá rì sínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà ni yóò jìyà rẹ̀. Ká ní ìkòkò kan nínú mẹ́wàá ni ó ń bàjẹ́, tí gbogbo àdìrẹ ogún sì ti inú ìkòkò kan ṣoṣo jáde. Ìpíndọ́gba ṣì jẹ́ 2, bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá: ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni pé kò ní sí ẹyọ kan tó bàjẹ́, ìdá 10 sì ni pé gbogbo ogún ni yóò bàjẹ́. Kò sí méjì níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí mẹ́ta. Ìdí nìyí tí mo fi sọ lókè pé àìgbáralé ara wọn wà lára èyí tó le jù nínú gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ dúró, àti pé ìpíndọ́gba nìkan kò tó ẹni tó fẹ́ ná owó lé ọjà. Ìbéèrè tó yẹ kí aláròóbọ̀ kọ́kọ́ bi aláró ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìkòkò mélòó ni àwọn aṣọ yìí ti jáde?"

Nígbà tí a kò mọ ìṣeéṣe náà

Ìṣeéṣe SS ti hàn sí wa láti inú bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ti aṣọ, ti ẹyin adìyẹ, ti ọ̀pọ̀ ohun mìíràn kò hàn. Kíka ni a fi ń wá a. Jacob Bernoulli, ará ìlú Basel ní Switzerland, ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé bí ìdánwò bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdá tí a rí yóò máa sún mọ́ ìṣeéṣe gan-an. Ó kú ní 1705, iṣẹ́ náà sì jáde ní 1713. Ẹ padà sí àpò ẹ̀wà yín. Bí ẹ bá mú un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin péré, ìdá pupa lè jẹ́ òdo, ó sì lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá mú un ní ìgbà 400, ìpíndọ́gba jẹ́ 100, ìwọ̀n ìfọ́nká sì jẹ́ nǹkan bí 8.7, nígbà púpọ̀, iye pupa yóò wà láàárín 83 àti 117, ìyẹn ìdá 21 sí 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé àpò náà ń san gbèsè pupa tó ti jẹ sẹ́yìn. Ìgbà púpọ̀ ni ó bo àìdọ́gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí aláró bá tú aṣọ márùn-ún sílẹ̀ fún aláròóbọ̀ tí gbogbo wọn sì dára, kí ó mọ̀ pé díẹ̀ ni ohun tí ó mọ̀. Bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá bá ń bàjẹ́, ìṣeéṣe kí márùn-ún dára tẹ̀ léra jẹ́ ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún. Kódà bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́ta ni ó ń bàjẹ́, ó ṣì jẹ́ ìdá 13. Bí ó bá wo 30 tí kò sì rí ẹyọ kan tó bàjẹ́, ìgbà yẹn ni ó lè sọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé èyí tó ń bàjẹ́ kò ju bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí pé 0.9 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ní ìgbà 30 jẹ́ nǹkan bí 0.04. Ẹ pín 3 sí iye aṣọ tí ẹ yẹ̀ wò láìrí àbùkù, ẹ óò rí òkè ibi tí ìṣeéṣe náà lè dé: 3 lórí 30 jẹ́ ìdá 10, 3 lórí 60 jẹ́ ìdá 5, 3 lórí 300 jẹ́ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí aṣọ tí ó yẹ̀ wò ti inú ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wọn láti inú òkìtì, láìwo ojú wọn kí ó tó mú wọn, kì í ṣe láti inú èyí tí a ti tò síwájú fún un.